Ẹsẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

Agogo méje ààbọ̀ àárọ̀ ni, ní pápá tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, Sábì tó ń kọ́ mi ní alùpùpù, àti obìnrin kan tó ti Parakou wá dán mi wò kí n lè gba permis, ìwé àṣẹ láti gùn ún. Obìnrin náà wọ awò ojú dúdú. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó nawọ́ sí àwọn ike pupa olórí ṣóńṣó tí wọ́n tò sórí ilẹ̀, ó sì sọ Faransé gbọọrọ kan. Sábì, tó máa ń pè mí ní tonton bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, sọ ọ́ di èdè wa.

"Ó ní kí ẹ máa gba àárín wọn lọ, tonton. Tí ẹ bá dé òpin, ẹ yí po, kí ẹ tún gba àárín wọn bọ̀. Ẹsẹ̀ yín ò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti kanlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn."

"Mo gbọ́."

Mo gbéra. Mo kọjá ike àkọ́kọ́, mo kọjá èkejì. Bí mo ṣe ń dé ẹ̀kẹta ni Bàbá Ìdìrísù, onílé mi, yọ láti ẹ̀yìn ògiri ibùdó, ó ń fi ọ̀pá rìn lọ sọ́nà ọjà.

"Ará Ṣakí! O kú iṣẹ́ o!"

Mo tẹ bíréèkì. Mo fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Mo bọ́ akoto kúrò lórí, mo tẹ̀ ba.

"Ẹ ṣé o, bàbá. Ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́?"

"Ó ti ń fúyẹ́, bàbá. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún ṣì wà níbi tí o fi í sí lánàá. Àwọn ará ilé ní Ṣakí ńkọ́?"

"Wọ́n wà, bàbá. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohùn Sábì lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti káwọ́ lé orí. Obìnrin náà ń kọ nǹkan sórí ìwé rẹ̀.

"Madame," mo ní, "bàbá onílé mi ni wọ́n."

Sábì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Obìnrin náà fèsì ní gbólóhùn kan péré.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní bí bàbá onílé yín bá fẹ́ permis, kí àwọn náà lọ forúkọ sílẹ̀."

*

Kí n tó dé Tchaourou, ẹ̀yìn ọlọ́kadà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n jókòó sí. Ní Ṣakí, mo ní oko kaṣú tí kò tóbi, mo ní ìyàwó, mo sì ní ọmọbìnrin kan, Rónkẹ́, tó ti wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Ní ti ìwé kíkà, ìgbà tí Rónkẹ́ ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ni èmi náà tó lọ, ní kíláàsì àwọn àgbà. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ilé náà fẹ̀ jù fún mi. Àlàájì Sàká, tó ń ra kaṣú ní Tchaourou, ti máa ń rà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n wá máa bá òun lọ wo kaṣú lóko àwọn àgbẹ̀ kí òun tó rà á. Mo lọ. Ohun tí mo lè sọ nípa ìrìn àjò náà kò ju ìyẹn lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé mo gbọ́ èdè wọn, síbẹ̀ mi ò gbọ́ ọ tán. Yorùbá ni, Nàgó ni wọ́n ń pè é. Á máa lọ geerege, Faransé á ṣàdédé bọ́ sáàárín rẹ̀, èmi á sì máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ gbà lọ. Èkejì ni pé mo pàdánù orúkọ mi. Nílé, Bàbá Rónkẹ́ ni mí. Níhìn-ín, Ará Ṣakí ni wọ́n sọ mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi sí Ṣakí, kò sẹ́ni tó fi Ṣakí pè mí rí. Àfi ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo tó di ará ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé pẹ̀lú ìyàwó mi, òun ló ń bá àwa méjèèjì kí èèyàn. Tí a bá jọ ń lọ lọ́nà, á kí ẹni tó jókòó, á kí ẹni tó ń toko bọ̀, á béèrè ọmọ, á béèrè ìyá. Èmi á mi orí lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tó. Nígbà tí mo dé Tchaourou, mò ń mi orí kiri bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú mi ṣì wà níbẹ̀.

Tata Àísátù, àǹtí tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ló pè mí lọ́jọ́ kan.

"Tonton, ṣé eyín ló ń dùn yín ni?"

"Eyín ò dùn mí."

"Ọrùn ńkọ́?"

"Ọrùn náà ò dùn mí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló wá dé tí ẹ̀ ń mi orí sí wa bí alángbá ara ògiri?"

Àwọn tó ń ra àkàrà rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìkíni bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Mo ń kí ẹni tó ń dáná lórí iná rẹ̀, mo ń kí ẹni tó jókòó lórí ìjókòó rẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbà, mo ń dúró, mo ń ṣí fìlà, mo ń tẹ̀ ba, mo sì ń béèrè ohun tó ń dun kálukú. Kò rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹnu mi máa ń rẹ̀ mí kí n tó dé ìdí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé ìkíni náà ló ń gbé mi láti ilé dé òpin òpópónà láàárọ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá sì jáde, wọ́n á ránṣẹ́ wá béèrè mi. Mi ò rò pé ẹnì kan lè béèrè mi nílùú tí wọn ò ti mọ orúkọ mi.

*

Oko àwọn àgbẹ̀ kò sí nítòsí. Bétérou jìnnà, Goro náà kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ lójoojúmọ́. Àlàájì ní alùpùpù kan nílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó sọ tirẹ̀ fún mi kedere.

"Kò sí permis, kò sí alùpùpù. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá gbà á lọ́wọ́ ẹ lójú ọ̀nà. Ọjà kaṣú ń ṣí lọ́jọ́ Àjé kẹrin sí òní. Tó bá ṣí tí o ò tíì gbà á, màá fún ẹlòmíì. Má bínú sí mi."

Mi ò bínú. Mo kàn ronú kan ohun tó ń dúró dè mí nílé. Àbúrò mi ti tún yàrá kan ṣe fún mi ní Ṣakí. Ó ní tí mo bá dé, mi ò ní ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Kí n ṣáà máa jókòó síwájú ilé, kí n máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gbágùúdá tí wọ́n bá sá. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ajá ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún.

Mo bá lọ bá Sábì. Ẹ̀yà Baatonu ni, ọkùnrin tó tó ọgbọ̀n ọdún, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní alùpùpù. Ó ní sùúrù, ó sì ń pè mí ní tonton kódà nígbà tó bá ń bá mi wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iwájú ilé wa la ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ tú klọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tonton. Doucement!"

Mo tú u sílẹ̀. Alùpùpù náà fò bí òbúkọ, ó gbé mi gba orí igi ìdáná Tata Àísátù kọjá, ó sì kú sára ògiri.

"Tonton!" Tata kígbe. "Tó bá jẹ́ igi lẹ fẹ́ rà, ṣé ẹ ò lè fẹnu sọ ọ́ ni?"

Láti ọjọ́ kejì, a kó lọ sí pápá.

Òfin ojú ọ̀nà tún ní wàhálà tirẹ̀. Sábì fi igi ya ìkóríta sórí iyanrìn fún mi.

"Alùpùpù mẹ́ta dé ìkóríta lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló máa kọ́kọ́ kọjá?"

"Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn."

"Rárá, tonton. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún ni."

"Tó bá jẹ́ pé apá òsì ni àgbà wà ńkọ́?"

"Á dúró."

"Ta ló máa sọ fún un pé kó dúró?"

Sábì jókòó sórí iyanrìn, ó sì pa ìkóríta náà rẹ́.

Síbẹ̀, nígbà tí ìdánwò òfin dé, tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè náà gan-an, apá ọ̀tún ni mo fi dáhùn. Mo yege. Mo ra àkàrà fún Sábì. Mi ò sọ fún un pé ẹnu lásán ni mo fi dáhùn, pé lọ́kàn mi, àgbà ló kọ́kọ́ kọjá.

Ó wá ku ti gígùn. Ẹ ti gbọ́ bí ìyẹn ṣe lọ.

*

Mo pe Rónkẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo fìdí rẹmi náà. Ìpè wa kì í gùn. Ó máa ń sọ̀rọ̀, èmi á máa gbọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ gbà á?"

"Mi ò gbà á."

"Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Rárá. Mo kí èèyàn."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Bàbá onílé mi ń kọjá. Mo kí wọn."

Mo gbọ́ tó gbé fóònù kúrò létí. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lókèèrè, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà dé, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ẹ̀yin? Bàbá tèmi? Ẹ̀yin lẹ kí èèyàn débi tí wọ́n fi já yín nínú ìdánwò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màmá ì bá gbọ́ èyí."

Lẹ́yìn náà ló ní bóyá kí n ṣáà máa bọ̀ nílé, pé ara mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, pé àbúrò mi ti pe òun. Mo ní obìnrin Parakou náà ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Lẹ́yìn Sátidé yẹn, ó di ìgbà tí kaṣú bá tán.

"Tí ẹ ò bá wá gbà á ní Sátidé ńkọ́?"

"Màá máa bọ̀ wá lé ewúrẹ́."

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó sọ fún mi. Èmi ti lọ kí Àlàájì. Sábì wá sí iwájú ilé wa, ó sì kó àwọn aládùúgbò jọ.

"Lọ́la, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí tonton."

"Kí ni wọ́n fi ṣe wá?" Tata Àísátù bi í.

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe yín. Tí ẹ bá kí wọn, wọ́n á fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ má kí wọn lọ́nà, ẹ má kí wọn ní pápá, kí ó lè mọ́ wọn lára."

Bàbá Ìdìrísù mi ọ̀pá rẹ̀. "Látìgbà tí mo ti dáyé, ẹni tí mo bá bá jà nìkan ni mi ò kí. Ṣé kí n kọ́kọ́ bá a jà ni?"

"Ẹ ṣáà máa wo ibòmíì, bàbá."

"Tó bá kí mi ńkọ́?"

"Ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

"Á ní mo ti di adití. Á lọ sọ fún wọn ní Ṣakí."

"Lọ́la nìkan ni, bàbá. Títí tí madame á fi kọ ìwé wọn."

"Ẹ gbọ́ o, èmi ò lè dákẹ́," Tata Àísátù wí. "Mo mọ ara mi. Tí mo bá ti rí wọn, omi ni màá fi sẹ́nu."

Èmi ò mọ nǹkan kan nínú èyí. Láàárọ̀ Sátidé, mo jáde, mo gbé akoto dání.

"Ẹ kú iná o, Tata."

Ó wò mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé igi ìdáná yẹn ló ṣì ń bí i nínú.

Mo kọjú sí Bàbá Ìdìrísù, mo tẹ̀ ba, mo kí wọn. Wọ́n gbójú sókè sínú igi máńgòrò. Mo tún wọn kí. Wọ́n ń wo máńgòrò lọ, igi náà kò sì tíì so. Mo kí télọ̀ tó wà ní ìkóríta, ó tẹrí mọ́ aṣọ. Mo kí ìyá tó ń tú ewé, ó di ojú.

Láti ilé dé pápá, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Mo ti gbé ibi tí èèyàn kò ti kí mi rí, kò sì dùn mí. Èmi ni mi ò wá a. Èyí yàtọ̀. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, láàárọ̀ kan, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Mo yẹ ara mi wò. Ta ni mo ṣẹ̀? Kí ni mo jẹ tí mi ò dúpẹ́ rẹ̀? Nígbà tí mo fi máa dé pápá, mo ti gbà lọ́kàn mi pé ìlú ti lé mi. Mo ní bóyá àwọn ewúrẹ́ Ṣakí á dá mi lóhùn.

Gbogbo àwọn aládùúgbò mi ti gba ọ̀nà àbùjá ṣáájú mi débẹ̀. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibùdó, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Obìnrin Parakou náà wò wọ́n pẹ́, ó sì bi Sábì ní nǹkan kan. Sábì ní òun sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn.

Mo gun alùpùpù. Mo tú klọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kọjá àkọ́kọ́, mo kọjá èkejì, mo kọjá ẹ̀kẹta. Kò sí nǹkan tó ń pè mí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Mo yí po ní òpin, mo kọjú sí ọ̀nà ìpadà. Ibẹ̀ ni bàbá arúgbó kan ti yọ, tó ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere tí iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn ò sí níbi ìpàdé Sábì. Wọn ò mọ nǹkan kan.

"Ọ̀gá!" wọ́n ké sí mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Gbogbo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Tata Àísátù gbé omi ẹnu rẹ̀ mì. Sábì fi ọwọ́ bojú.

Ẹsẹ̀ òsì mi ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí mi láti àárọ̀. Ìkíni bàbá yẹn tù mí lára bí omi tútù. Mi ò gbọdọ̀ dúró. Mi ò sì lè ṣe kí n má dá wọn lóhùn. Mo gbé ẹsẹ̀ padà sókè, mo la ẹnu, mo sì pariwo bí mi ò ṣe pariwo rí láyé mi.

"Ẹ ṣé o, bàbá! Ẹ kú ọ̀nà o!"

Àárín ike méjì gbé mi yí kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tí mo tún kọjú sí wọn, mo ní, "Ẹ kú ẹrù o!" Mo yí kúrò. Mo tún kọjú sí wọn. "Ẹ kú oòrùn! Ará ilé ńkọ́ o?"

"Wọ́n wà o!" bàbá náà ń fi orí bá mi yí. "Tìẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Ṣakí o!"

"Kí ló dé tí o ò dúró?"

Mo gbọ́dọ̀ kọjá ike kan kí n tó lè dáhùn. "Wọn ò jẹ́ kí n dúró, bàbá! Ẹ má bínú!"

"Ta ni ò jẹ́?"

Mo ti dé ojú ìlà ìparí. Mo tẹ bíréèkì. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbà kí ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀, mo sì fi í kanlẹ̀.

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bi Sábì bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí náà nìyẹn. Sábì ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà wo ìwé rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Sábì túmọ̀ ohun tó sọ fún mi: "Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni òfin sọ, òfin ò sọ̀rọ̀ ẹnu." Obìnrin náà fọwọ́ sí ìwé tí màá máa gùn pẹ̀lú rẹ̀ títí permis gan-an á fi jáde.

Ìgbà yẹn ni àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ya bò mí.

"Ẹ kú àárọ̀!" Tata Àísátù di apá mi mú. "Ẹ kú ìjáde! Ẹ kú iná náà! Gbogbo ìkíni yín láti àárọ̀ nìyí, ẹ gbà á, ó fẹ́ pa mí!"

"Orúnkún mi fúyẹ́ lónìí," Bàbá Ìdìrísù wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti fẹ́ sọ fún ọ."

Sábì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Mo mi orí. Kò sẹ́ni tó bá mi wí fún un. Mo wá bàbá oníṣu yẹn kiri, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Sábì ní ará Goro ni wọ́n.

Mo pe Rónkẹ́.

"Mo gbà á."

"Bàbá, kí ló dé tí ohùn yín há?"

"Mo pariwo díẹ̀."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, tí iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, mo lọ gba alùpùpù lọ́wọ́ Àlàájì, mo sì gùn ún lọ sí Goro. Mo béèrè bàbá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ru iṣu. Wọ́n nawọ́ ilé kan sí mi. Bàbá náà jókòó síta, wọ́n ń pọ́n àdá. Mo pa alùpùpù. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, mo bọ́ akoto, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìkíni náà láti ìbẹ̀rẹ̀.